Òkúta tí wọ́n rẹ sínú fínígà: kí ni lábù rí gan-an?

Ẹ ti rí fídíò yẹn, àbí? Ẹnì kan á mú òkúta kékeré tó bá ìtọ̀ ẹ̀ jáde, á jù ú sínú ife tó kún fún fínígà, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan á tún gbé ife yẹn wá, òkúta ti ń rú, etí ẹ̀ ti ń jẹ, ó á wá ní ohun tí fínígà ń ṣe nínú kíndìnrín ẹni tó bá ń mu ún náà nìyẹn. Òun làwọn èèyàn ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ní "wọ́n ti tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ ní lábù". Ó ti wá tàn débi pé ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, fínígà ló ń kọ́kọ́ wá kiri kó tó rántí dókítà. Lábù ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́ o, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí ńbẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí wọ́n ń sọ kiri, àní èyí tó dáa nínú ẹ̀ gan-an kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí fínígà fúnra ẹ̀. Òun náà ni Bíbélì ń pè ní ọtí kíkan. Yálà èyí tí wọ́n fi ápù ṣe ni o, tàbí èyí tó funfun bí omi, ohun tó ń ta ẹnu ńbẹ̀ ni acetic acid, nǹkan bíi 5 nínú 100, omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Ẹ mú ẹyin tútù, ẹ fi sínú fínígà, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú ọjọ́ kejì, èèpo ẹ̀ á máa hó yẹ́ẹ́, díẹ̀díẹ̀ á yọ́, ẹyin á wá rọ̀ bí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ yín (èmi náà ti ṣe é rí, ó ń dùn ún wò). Kálísíọ̀mù kábọ́nétì ni èèpo ẹyin. Ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù, kálísíọ̀mù kábọ́nétì náà ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ìṣirò yẹn ti wá: fínígà ń jẹ èèpo ẹyin, èèpo ẹyin jẹ́ kálísíọ̀mù, òkúta kíndìnrín náà jẹ́ kálísíọ̀mù, ó parí.

Kò parí o. Kálísíọ̀mù kì í dá rìn, ohun tó bá so mọ́ ló ń sọ ìwà ẹ̀. Nínú òkúta kíndìnrín 10, nǹkan bíi 7 sí 8 ló jẹ́ ti kálísíọ̀mù, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn, ọ́ksáléètì ló so mọ́, kì í ṣe kábọ́nétì. Tí ẹ bá wá bi ẹni tó ti pẹ́ nídìí wíwo ìtọ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù, ó máa rẹ́rìn-ín, torí acetic acid gan-an ni wọ́n fi ń dá ọ́ksáléètì mọ̀ lára fọ́sífétì, ohun míì tí kálísíọ̀mù máa ń so mọ́. Wọ́n á kán an sí i, fọ́sífétì á yọ́ lọ, ọ́ksáléètì á jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ò gbọ́ pé wọ́n ń bá òun wí. Ó dìgbà tí wọ́n bá kán hydrochloric acid, tó le ju tiẹ̀ lọ fíìfíì, kó tó gbà. Ohun tó wà nínú ìwé kẹ́mísírì láti ayé ọjọ́un nìyí, kò tiẹ̀ yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Kí ló wá yọ́ nínú fídíò? Ó lè jẹ́ òkúta fọ́sífétì, wọ́n wà, wọn ò kàn pọ̀ ni. Ó lè jẹ́ àdàlù, fọ́sífétì á yọ́ kúrò láàárín, ọ́ksáléètì tó kù á wá ya lulẹ̀ bí ògiri tí wọ́n fa bíríkì àárín ẹ̀ yọ. Ó sì lè jẹ́ struvite, ìyẹn òkúta àkóràn, èyí tí àwọn bakitéríà kan máa ń fà tí wọ́n bá wọnú ọ̀nà ìtọ̀ tí wọ́n sì sọ ìtọ̀ di èyí tí ò kan mọ́. Struvite ń yọ́ nínú ásíìdì, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Àwọn dókítà pàápàá ti lo ọgbọ́n yẹn rí, láti 1943 ni Suby àti Albright ti gbé omi ásíìdì kan jáde, sítíríìkì ásíìdì pẹ̀lú magnésíọ̀mù, lẹ́yìn náà ni irú ẹ̀ míì tí wọ́n ń pè ní hemiacidrin dé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, wọn ò fún ẹnikẹ́ni mu. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tì wọlé lọ bá òkúta níbi tó wà, tí wọ́n á máa fi omi ásíìdì yẹn ṣàn án. Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yẹn náà, àwọn kan kú sídìí ẹ̀, pàápàá àwọn tí àkóràn ò tíì lọ lára wọn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi sábà lò ó mọ́.

Ó wá ku èyí tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Òkúta yúríkì ásíìdì, bíi 1 nínú 10, inú ìtọ̀ tó kan ló ti ń hù, pàápàá tí pH ìtọ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn kíkan, bó ṣe ń kéré sí i ni kíkan ń pọ̀ sí i) bá lọ sílẹ̀ ju 5.5 lọ. Ẹ tú ásíìdì sí i, ẹ ò rí nǹkan kan, ó tiẹ̀ ń bá a lára mu ni. Òun náà ló sì gbajúmọ̀ jù nínú òkúta tí oògùn tá à ń gbé mì lè yọ́ lóòótọ́, kí wọ́n ṣe é lónìí kí wọ́n sikáànù ẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kí wọ́n má rí i mọ́. Kí ni wọ́n fi ń yọ́ ọ? Pọtásíọ̀mù sítíréètì, ohun tó ń lé kíkan kúrò nínú ìtọ̀, tó ń gbé pH ẹ̀ sókè lọ sí 6.5 níbẹ̀. Òkúta cystine, tó ṣọ̀wọ́n, tó ń tẹ̀lé ìdílé, ìtọ̀ tí ò kan lòun náà ń bẹ̀rù. Ìyẹn ni pé òkúta tí ohun mímu lè yọ́ gan-an, òdìkejì fínígà ló ń yọ́ ọ.

Àwọn kan ti fẹ̀sẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí láti nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn. Obìnrin kan wà ní London, Joanna Stephens, tó ní òun ní oògùn òkúta àpò ìtọ̀. Okìkí ẹ̀ kàn débi pé láàárín 1739 sí 1740 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bìrìtéènì san £5,000 fún un kó lè sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Owó ńlá gbáà nígbà yẹn. Kí ló wà ńbẹ̀? Èèpo ẹyin tó jóná, ìgbín tó jóná, ọṣẹ, oyin, ewé oríṣiríṣi. Stephen Hales, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, gbé òkúta sínú ẹ̀, ó rẹ wọ́n, ó wọ̀n wọ́n, ó kọ ìwé nípa ẹ̀ ní 1740, ó rí i pé ẹfun (ohun tí èèpo ẹyin àti ìgbín yẹn dà nígbà tí wọ́n jóná) àti ọṣẹ ló ń ṣiṣẹ́ ńbẹ̀, ìyókù kàn bá wọn rìn ni. Ẹfun àti ọṣẹ, òdìkejì ásíìdì làwọn méjèèjì! Lẹ́yìn ẹ̀ ni Joseph Black, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Edinburgh, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó sàn ju ẹfun yẹn lọ fún òkúta, kò rí oògùn, ṣùgbọ́n ó bá afẹ́fẹ́ kan pàdé tó kọ nípa ẹ̀ ní 1756, òun la mọ̀ sí kábọ́ńdáyọ́ksáídì lónìí, òun náà ló ń hó lára èèpo ẹyin tí ẹ rẹ sínú fínígà. Ìgbà yẹn wọn ò tiẹ̀ tíì mọ̀ pé òkúta pín sí oríṣiríṣi. Ọdún 1776 ni Scheele, onímọ̀ kẹ́mísírì, tó yọ yúríkì ásíìdì jáde lára òkúta, 1810 ni Wollaston, onímọ̀ kẹ́mísírì míì, tó rí cystine. Àwa tá a mọ̀ báyìí, a tún ń ṣe bíi pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ fi èwo-lèwo yẹn sílẹ̀ ná, ká gbà pé òkúta ẹnì kan jẹ́ irú tó ń yọ́ nínú fínígà. Ṣé fínígà máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀? Ṣíbí kan, mìlílítà 15, acetic acid tó wà nínú ẹ̀ ò tó gíráàmù kan. Ó dé ikùn, ó bá ásíìdì tó le jù ú lọ ńbẹ̀, ìfun fà á, ẹ̀jẹ̀ gbé e, ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara sì jó o bí iná ṣe ń jó epo, ó di kábọ́ńdáyọ́ksáídì tá à ń mí síta àti omi. Ara àgbàlagbà ní nǹkan bí 40 lítà omi nínú, ibẹ̀ ni gíráàmù kan tí ò pé yẹn lọ há sí. Fínígà inú ife, pH ẹ̀ wà ní nǹkan bíi 2.5. Ìtọ̀ máa ń wà láàárín 4.5 sí 8, ọ̀pọ̀ ìgbà ó máa ń sún mọ́ 6. Pẹ̀lú pH, tí ẹ bá sún ní ẹyọ kan, ìlọ́po 10 nìyẹn, torí náà ásíìdì inú ife fi ìlọ́po tó lé ní 3,000 ju ti inú ìtọ̀ lọ. Kíndìnrín ò tiẹ̀ lágbára láti ṣe ìtọ̀ tó kan débẹ̀. Àwọn míì á wá ní rárá, fínígà tí a bá mu ún ṣe ni ó ń sọ ara di alkaline (òdìkejì ásíìdì), èyí náà ò rí bẹ́ẹ̀, tí ara bá ti jó acetic acid tán kò sí ásíìdì tó kù, kò sí alkaline tó kù.

Tó bá jẹ́ ibí lọ̀rọ̀ parí sí, ǹ bá ní ẹ sọ fínígà yín sínú ọbẹ̀ kẹ́ ẹ lọ sùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ ṣá. Ní 2019, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ní Guangzhou, ní Ṣáínà, gbé iṣẹ́ kan jáde nínú EBioMedicine, ìwé ìwádìí ìṣègùn kan, àwọn ò sì fi fínígà yọ́ òkúta kankan. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni pé láàárín àwọn èèyàn tó lé ní 9,000, àwọn tó ń jẹ fínígà lójoojúmọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ní òkúta tó àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Wọ́n wo ìtọ̀ wọn, sítíréètì pọ̀ nínú ẹ̀, kálísíọ̀mù kéré. Wọ́n wá lọ sórí eku. Bí wọ́n ṣe ń mú kí eku ní òkúta nìyí: wọ́n á po ethylene glycol mọ́ omi ẹ̀, ohun kan náà tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ mọ́tò kí omi má bàa dì, ẹ̀dọ̀ eku á sọ ọ́ di ọ́ksáléètì, kíndìnrín ẹ̀ á kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn eku tó rí fínígà tàbí acetate (ohun tí acetic acid ń dà nínú ara) 5 nínú 100 mu, òkúta wẹ́wẹ́ tiwọn dín kù gan-an.

Ọ̀nà tó gbà ṣe é ló jọ mí lójú. Acetate yẹn ń bọ́ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń sẹ́ ìtọ̀ nínú kíndìnrín, ó ń lẹ̀ mọ́ prótéènì tí DNA wé mọ́ra, tí wọ́n ń pè ní histone H3, ibẹ̀ á ṣí sílẹ̀ díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á wá ṣe àwọn microRNA kan jáde, ìyẹn èròjà tíńtín tó ń dín ṣíṣe prótéènì kù, àwọn wọ̀nyí á sì pa ẹnu prótéènì méjì mọ́. Èkíní ni Nadc1, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa fa sítíréètì kúrò nínú ìtọ̀ padà sínú ara. Èkejì ni Cldn14, òun kì í jẹ́ kí kálísíọ̀mù rọ́nà padà sínú ara. Tí a bá ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́, sítíréètì á dúró sínú ìtọ̀, kálísíọ̀mù á padà sílé. Sítíréètì tó bá pọ̀ nínú ìtọ̀, ṣe ló máa ń gba kálísíọ̀mù mọ́ ọ́ksáléètì lọ́wọ́ bí ọkùnrin tó tètè dé ilé àna, kí ọ́ksáléètì tó dé wọ́n ti mú ìyàwó lọ. Pọtásíọ̀mù sítíréètì tí dókítà ń kọ fún èèyàn, ohun tó ń wá náà nìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí lábù sọ pé ó lè jẹ́ iṣẹ́ fínígà ni kó má jẹ́ kí òkúta tuntun hù. Òkúta tó ti wà ńbẹ̀, tó ti di nǹkan, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Bí ìyàtọ̀ àárín ẹni tó ń tilẹ̀kùn kí olè má wọlé àti ẹni tó fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ lé olè tó ti wà ní yàrá. Èmi náà sì ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ Guangzhou yẹn. Ẹni tó ń jẹ fínígà lójoojúmọ́, oúnjẹ ló ń bá a jẹ ẹ́, ta ló mọ ohun míì tó ń jẹ tàbí tí kì í jẹ? Òótọ́ ni pé wọ́n wo ìtọ̀ èèyàn náà, kì í ṣe eku nìkan, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ikọ̀ kan ṣoṣo ni, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni. Kí àwọn míì tún un ṣe níbòmíì kó tó di ohun tí a ó máa fọwọ́ ẹ̀ sọ̀yà.

Ẹ má rò pé fínígà nìkan ni mò ń fojú le mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn dókítà fi ń kọ hydrochlorothiazide fún ẹni tí òkúta ń padà wá bá, ó ń dín kálísíọ̀mù inú ìtọ̀ kù, gbogbo ayé gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní 2023 wọ́n gbé àyẹ̀wò NOSTONE jáde láti Switzerland, èèyàn 416, wọ́n tẹ̀lé wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, oògùn yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú oògùn tí ò ní nǹkan kan nínú, tí wọ́n fún àwọn yòókù. Ìtọ̀ lè dáa lójú lábù kí òkúta ṣì máa bọ̀. Omi ńkọ́? Omi lásán! Ní 1996, ní Ítálì, wọ́n mú èèyàn 199 tí òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí ìdajì máa mu omi púpọ̀ débi tí ìtọ̀ wọn á fi tó lítà 2 lójúmọ́, wọ́n tẹ̀lé wọn fún ọdún 5, wọ́n ń ka òkúta. Àwọn tó mumi, 12 nínú 99 ló tún ní i. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, 27 nínú 100. Irú kíka báyìí ni mo fẹ́ rí lórí fínígà.

Àwọn tó ń ní "mo mu ún, ọjọ́ kẹta ó jáde", mi ò ní wọ́n parọ́. Òkúta tí ò ju mìlímítà 5 lọ, nínú 100, bíi 68 ló máa ń dá jáde fúnra wọn, ẹ mu fínígà ẹ má mu ún. Ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi omi lítà-lítà tì í lẹ́yìn, wọ́n á wá gbé ọpẹ́ omi fún fínígà.

Tó bá jẹ́ ṣíbí kan méjì nínú oúnjẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní rí wàhálà kankan ńbẹ̀. Àwọn tó ń gbé e mu ní ife-ife, láìpò ó mọ́ omi, ni ẹ̀rù wọn ń bà mí. Ó ń jẹ eyín, torí ohun tó ń ṣe fún èèpo ẹyin yẹn, eyín náà ń bẹ̀rù ẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ikùn ẹ̀ ti ń lọ́ra láti gbé oúnjẹ kúrò, ó lè mú kó túbọ̀ lọ́ra. Ní 1998, àwọn dókítà kọ nípa obìnrin ẹni ọdún 28 kan tó ń mu mìlílítà 250 lójúmọ́ fún ọdún 6, pọtásíọ̀mù ara ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, egungun ẹ̀ ti gbẹ. Tí pọtásíọ̀mù bá lọ sílẹ̀, kíndìnrín máa ń fa sítíréètì padà kúrò nínú ìtọ̀, ìyẹn sítíréètì kan náà tá a ní fínígà fẹ́ fi kún un. Ẹ ò rí i bí àṣejù ṣe ń yí iṣẹ́ padà.

Ẹ̀gbẹ́ dídùn pẹ̀lú ibà àti òtútù, ẹ má fi fínígà ṣeré níbẹ̀ o, ẹ sáré, àkóràn tó wà lẹ́yìn òkúta tó dínà lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ò lè tọ̀ mọ́, ẹni tó ń bì tí omi ò dúró nínú ẹ̀, aláboyún, ẹni tó jẹ́ kíndìnrín kan ló kù fún un, àwọn náà ò gbọdọ̀ dúró sílé. Ní ti òkúta tó tóbi, láti 1980 ní Munich ni wọ́n ti ń fi ìró tó lágbára fọ́ ọ látìta láìla ara, wọ́n sì tún ń gba ọ̀nà ìtọ̀ wọlé fi léésà fọ́ ọ.

Ẹni tó bá wá fẹ́ mọ̀ irú tiẹ̀, asẹ́ ni wọ́n máa ń ní kó máa tọ̀ sí títí òkúta yẹn á fi bọ́ síbẹ̀, kó fọ̀ ọ́ lómi, kó jẹ́ kó gbẹ, kó gbé e lọ sí lábù. Ìyẹ̀fun díẹ̀ péré lára ẹ̀ ti tó wọn, wọ́n á tan infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí, sí i, wọ́n á sọ ohun tó jẹ́, ọ́ksáléètì ni o, yúríkì ni o, struvite ni o, láti orí ẹ̀ ni dókítà á ti mọ̀ bóyá kíkan ni ká lé kúrò nínú ìtọ̀ tàbí oògùn àkóràn ló kàn. Òkúta inú fídíò yẹn náà, ohun tó yẹ kí wọ́n ti gbé lọ síbẹ̀ nìyẹn, ó wà nínú ife, ó ń rú.